Ọdún Mẹ́fà tí Rédíò Fi Etí Kàwé

"Nínú ìdílé tèmi, ojú kì í ṣe ohun tí à ń yá lò." Gàdàgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó na búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà pupa ń kán lára rẹ̀ sókè bí ẹni pé ọ̀pá àṣẹ ni. "Bàbá mi kú lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Títí ó fi kú, bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ sórí ẹní, òun ló ń bá wa wá a. Èmi náà rèé, láti ibi tí mo dúró sí yìí, mo lè ka nọ́mbà ọkọ̀ tó wà lódìkejì títì. Ọmọ mi wá ńkọ́? Òun ló kó ti àwa méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ àwọn tó yege lónìí, orí òkè pátápátá ni kí ẹ ti wá tirẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá a nísàlẹ̀, ẹ̀yìn lásán ni yóò dùn yín."

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ kò gbójú kúrò lórí orí tó ń fá. "A ti gbọ́, Gàdàgbà. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń gbọ́ ọ."

"Ẹ óò tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kì í ṣe bàbá tó bí i ló sọ ọ́ ní Gàdàgbà o. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa tóbi débi pé adìyẹ lè sá òòrùn sábẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ti fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ pátákó tuntun kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ: Ẹ BÁ WA YỌ̀, ỌMỌ WA LÓ GBÉGBÁ ORÓKÈ. Èsì ìdánwò kò tíì jáde. Ọkùnrin náà ti ń yọ̀ sílẹ̀ dè é.

Ọmọ tí à ń wí yìí dúró ti àwọn agolo ọ̀dà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kíláàsì kẹfà ló ti fẹ́ jáde. Rédíò ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, nítorí ohun tí tíṣà bá sọ lẹ́ẹ̀kan, òun á tún un sọ pátá, á sì fi ikọ́ tí tíṣà wú sáàárín kún un. Bó bá ń wo ènìyàn, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó la ọsàn kíkan. Àwọn kan ní yànga ni. Àwọn mìíràn ní bí ìyá bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wo ènìyàn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀.

"Rédíò," ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ pè é láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, "wá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí kí ẹ tó máa lọ."

Ó gba abẹ́rẹ́, ó gbé e súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Òwú gba ọ̀tún kọjá. Ó tún un ṣe, òwú gba òsì kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ ló gún.

"Gbé e wá, jàre. Ọ̀lẹ ọmọ. Ìwé nìkan lo mọ̀." Ìyá gbà á, ó fi òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí Rédíò mọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti kíláàsì kìíní, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti ń jókòó, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú. Ohun tí tíṣà bá kọ sí bọ́ọ̀dù, Kúkúrú á kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, Rédíò á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n pín àwọn ọmọ káàkiri gbọ̀ngàn. Kúkúrú bọ́ sí iwájú, Rédíò bọ́ sí ẹ̀yìn. Wọ́n fún un ní ìwé ìbéèrè tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà, àti ìwé ìdáhùn tó kún fún òbìrìkìtì kéékèèké tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi pẹ́ńsùlù kùn. Ọjọ́ náà ni etí kọ́kọ́ já a kulẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwé, èrò ti bo ara ògiri. Gàdàgbà gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn. "Ẹ yàgò díẹ̀. Orí òkè lásán ni mo fẹ́ wò." Ó wo òkè. Ó wo àárín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀ lórí eruku. Nígbà tó fi máa dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní ìbàdí. Ẹ̀yìn ti dùn ún.

Kúkúrú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rédíò, orúkọ tirẹ̀ sì wà lára ògiri. "Rédíò, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. "O ò sí níbẹ̀."

"Òjóró," ni bàbá wí. "Òjóró pọ́ńbélé. Níbo ni Tíṣà wà?"

Tíṣà kíláàsì kẹfà, obìnrin kan tí kì í pariwo tó sì jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ènìyàn, jókòó sínú kíláàsì tó ti ṣófo. Àwọn ìwé ìdáhùn tí wọ́n dá padà wà níwájú rẹ̀. Ó ti fa ti Rédíò yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

"Àmì mẹ́sàn-án ló gbà nínú ọgọ́ta, Bàbá Rédíò."

"Mẹ́sàn-án? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n dorí ìwé kodò."

"Bí wọ́n bá dorí mẹ́sàn-án kodò, mẹ́fà ló máa dà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Tíṣà to ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ìbéèrè kìíní, ó gbà á. Ìkejì, ó gbà á. Títí dé ìkeje, kò sí àṣìṣe. Nígbà tó dé ìkẹjọ, ó fo ìlà kan. Ìdáhùn ìkẹjọ ló kùn síwájú ìkẹsàn-án, ti ìkẹsàn-án síwájú ìkẹwàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe é títí ìwé fi tán. Bí a bá sún gbogbo rẹ̀ sókè ní ìlà kan péré, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló gbà."

"Ẹ sún un nígbà náà. Ṣé ó wúwo ni?"

"Ẹ̀rọ ló máàkì rẹ̀. Ẹ̀rọ ò gba ẹ̀bẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún lè ṣe é."

Gàdàgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àìfarabalẹ̀. Ọdún kan gbáko, nítorí àìfarabalẹ̀."

"Mo fara balẹ̀, Bàbá," Rédíò wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Àwọn òbìrìkìtì yẹn ló ń gun ara wọn. Bí mo bá wò wọ́n pẹ́, wọ́n á pọ̀ di okùn kan."

Tíṣà pa ìwé náà dé. "Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fi rán an sí yín lọ́dún yìí. Mo ní kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba."

Gàdàgbà wo ilẹ̀. Ó rí àwọn lẹ́tà náà lóòótọ́. Ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ló fi dán ọ̀dà tuntun wò, ó sì tún sọ fún onígbàjámọ̀ pé ìwé Tíṣà dára fún ìdánwò ọ̀dà. Ti èkejì, ó ní àfàìmọ̀ kí obìnrin náà má ní àbúrò tó ń ta awò ojú. Ti ẹ̀kẹta, kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. "Ọmọ tó ń gba ipò kìíní," ó wí nígbẹ̀yìn, "kí ni ojú rẹ̀ tún fẹ́ rí tó ju ìyẹn lọ?" Ó dìde lójijì, ó fa ọmọ náà lọ sójú fèrèsé. "Ó yá, jẹ́ kí a yanjú ẹ̀. Rédíò, ka pátákó tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kánkán yẹn fún Tíṣà."

Rédíò fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Búrẹ́dì gbígbóná láràárọ̀. Ẹni bá tọ́ ọ wò á padà wá." Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Gàdàgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́? Mo ní ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," Tíṣà wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ wo pátákó."

Ó wò ó. Oníbúrẹ́dì ti kó lọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí, pátákó rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n ya fóònù ńlá kan sí. Gàdàgbà fúnra rẹ̀ ló kọ ti àtijọ́. Bó bá ń kọ pátákó, á máa pariwo ohun tó ń kọ, Rédíò á sì máa gbé agolo ọ̀dà tẹ̀lé e. Ẹnu ló kọ́ ọ. Ojú kò bá wọn lọ.

Tíṣà ló tún sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́. "Lọ́jọ́ ìdágbére, òun la yàn láti sọ ìrántí ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò níbí níwájú àwọn òbí. Ó ti sọ ọ́ fún mi lánàá, n kò sì lè jẹun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Rédíò, sọ ọ́ fún bàbá rẹ."

Ọmọ náà dúró gbọn-in. "Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé yìí. Bàtà tíṣà kíláàsì kìíní ń dún kò-kò-kò, ti kíláàsì kejì ń wọ́lẹ̀ ṣàà-ṣàà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Mo rántí igbe ṣọ́ọ̀kì lára bọ́ọ̀dù. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ké bí ọmọ eku, mo mọ̀ pé tíṣà ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rántí àgogo ìsinmi, àti ẹ̀rín àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo rántí òjò lórí páànù, n kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ òjò n kì í kọ́ ohunkóhun. Èyí tí mo rántí jù lọ ni ohùn ọ̀rẹ́ mi ní etí ọ̀tún."

"Ó dáa," bàbá wí. "Ó dáa gan-an. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́fà," Tíṣà wí. "Kò sí ẹyọ ohun kan tó rí nínú rẹ̀."

Rédíò yíjú sí ìhà ibi tí ohùn Tíṣà ti wá. "Tíṣà, ṣé àwọn yòókù máa ń rí ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù ni?"

"Kí lo rò pé à ń kọ ọ́ síbẹ̀ fún?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kí ẹ má baà gbàgbé."

Gàdàgbà mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, onígbàjámọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wo pátákó, ó wo bàbá, ó wo ọmọ. "Gàdàgbà, ṣé kí a ṣì máa bá yín yọ̀?" Gàdàgbà já pátákó náà lulẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ẹ̀ka ojú. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí débi pé Gàdàgbà kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo ni ọ̀gá rẹ̀ máa dé. Ó bo ojú òsì Rédíò, ó gbé dígí oríṣiríṣi síwájú ọ̀tún, ó ń bi í pé èwo ló dára jù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ìyá rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lábẹ́ ẹnu. Dókítà wá bo ti ọ̀tún. Ó gbé dígí kan. Ó gbé òmíràn. Ó gbé gbogbo èyí tó wà nínú àpótí.

"Kí lo rí?"

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí lẹ́tà."

Dókítà fà sẹ́yìn, ó sì kọjú sí àwọn òbí. "Ojú ọ̀tún, awò á bá a tún un ṣe. Ti òsì yìí ló ń dùn mí. Kò fọ́, oorun ló ń sùn. A kì í bí ọmọ kó ti mọ ìríran tán, ńṣe ló ń kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ ìrìn, ọpọlọ ló sì ń kọ́ ọ. Bí ohun tí ojú kan ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ kò bá já gaara láti kékeré, ọpọlọ á dẹ́kun gbígba tirẹ̀, á kúkú máa lo ìkejì nìkan."

"Kí la ó fi jí i?" Gàdàgbà béèrè.

"Ìbá ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni nígbà tí ẹ gbé e wá, awò ojú, pẹ̀lú kí a máa fi nǹkan bo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ kí èyí tó ń sùn lè ṣiṣẹ́, ìbá ti jí i dáadáa. Bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méje sí mẹ́jọ, ó máa ń le. A ó gbìyànjú ẹ̀. Àwọn kan ṣì máa ń rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣèlérí fún yín."

Ìyá gbọ́wọ́ lé àyà. "Dókítà, wọ́n ní awò máa ń jẹ ojú ọmọdé. Wọ́n ní bó bá ti lò ó, kò ní lè bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́."

"Bàtà tí ẹ wọ̀ yẹn, ṣé ó ti jẹ yín lẹ́sẹ̀? Awò kì í ba ojú jẹ́, màmá. Àìlo awò ló jẹ́ ká wà níbi tí a wà yìí. Ṣé ẹ ti kán nǹkan sí i lójú rí?"

Obìnrin náà rọra jẹ́wọ́. "Omi ọmú, nígbà tó kéré. Lọ́dún tó kọjá, mo ra oògùn kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ó ta á, ó sunkún, mo ní kó fara dà á, pé oògùn tó ń ta ló ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ dà á nù tó bá kù. Ọmọ mélòó ni mo ti rí níbí tí irú rẹ̀ ti ba ẹyinjú wọn jẹ́. Ẹ ò wá rí àmì kankan lára rẹ̀ rárá? Kó máa fún ojú pọ̀, kó máa fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé ìwé mọ́ imú, kó dúró sẹ́nu tẹlifíṣọ̀n, kí orí máa fọ́ ọ lẹ́yìn ilé-ìwé?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti rí. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é: yànga, ọ̀lẹ, àìgbọràn.

"Ẹ yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un," Gàdàgbà wí lójijì. Kò ṣàwàdà.

"Ojú kì í ṣe bátìrì, bàbá, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ wo tiyín náà." Dókítà fún un ní káàdì kékeré kan pé kó kà á. Gàdàgbà na ọwọ́. Ó tún na ọwọ́. Ó na ọwọ́ títí káàdì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lójú fèrèsé.

"Ọwọ́ yín ò ní gùn tó mọ́ láìpẹ́," dókítà wí. "Àgbà ló dé. Ẹ̀yin náà á lo awò ìkàwé."

Ìyá Rédíò mi orí. "Ó wá yé mi. Èmi ṣáà ń rí i pé lọ́dọọdún ni lẹ́tà yín ń tóbi sí i."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni awò Rédíò dé. Wọ́n fi í sí i lójú nínú ilé ìwòsàn, ó sì dúró, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. "Màámi," ó wí, "ẹ ní àpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú." Àpá náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá kọjú sí ògiri, ó ní eruku bọ́ sí òun lójú.

Bí ọjọ́ ìdágbére ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, Kúkúrú wá sílé. Ó jókòó lórí àpótí, kò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. "Èmi ni mo bà ẹ́ jẹ́. Ká ní n ò máa kà á fún ẹ ni, wọn ì bá ti mọ̀ tipẹ́."

"Ká ní o ò kà á fún mi ni, òdo ni ǹ bá máa gbà."

"Ta ni mo máa wá máa kà á fún ní girama?"

"Ka tìẹ," Rédíò wí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń dúró, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìdágbére, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí girama jókòó síwájú, Rédíò jókòó sí ìparí ìlà wọn, nítorí òun máa padà wá jókòó ní kíláàsì kẹfà ní sáà tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Tíṣà ní kí Gàdàgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bọ́ síwájú, awò ìkàwé tirẹ̀ wà nínú àpò àyà, kò sì na ohunkóhun sókè lọ́jọ́ yìí.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí," ó wí. "Ẹ mọ ẹnu mi. Ọmọ mi kò rí iwájú fún ọdún mẹ́fà, mo ń sọ fún ayé pé ojú rẹ̀ mú. Wọ́n kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìwé dán ọ̀dà wò. Ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn á padà. Ojú òsì yẹn, n kò mọ̀ bóyá á padà. Èmi ni mo fà á. Ẹ gbé ọmọ yín lọ fún àyẹ̀wò ojú." Ó padà sí àyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn ọmọ tiwọn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n pe Rédíò. Kó tó la ẹnu, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran kò mọ̀ pé òun kò ríran, nítorí kò tíì rí bí ìríran ṣe ń rí. Òun kọ́ ló máa wá sọ fún yín. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kùnà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, ẹ sì tún gbé e lọ lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ ń gba ipò kìíní. Bí tíṣà bá kọ̀wé sí yín, ẹ kà á kí ẹ tó bínú. Ẹ má kán ohun tí dókítà kò fún yín sí i lójú. Bí wọ́n bá sì ní kó lo awò, kó lò ó, ẹni tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú tì í. Ọjọ́ orí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn tó bá ti pa dé ní ọdún méje, a lè kàn án títí kí ó má ṣí mọ́.

Rédíò dúró nídìí makirofóònù. Àwọn ìyá ti fa ìnujú yọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ti gbé ọwọ́ lé àyà, Tíṣà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, Gàdàgbà sì tẹ orí ba. Gbogbo wọn ń retí ọ̀rọ̀ tó máa fọ́ ọkàn wọn sí wẹ́wẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí máa sọ nípa ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà ti awò sókè lórí imú. Ó wo àjà. Ó wo ògiri, láti igun dé igun. Ó wo ilẹ̀. Kò kánjú.

"Ilé-ìwé yìí dọ̀tí," ó wí.